Ìdí Tí Abúlé Ọjà Kò Fi Parẹ́ Lọ́kàn Wa: Lámèyítọ́ Eré Village Headmaster

Ogún ọdún ni eré orí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n pè ní Village Headmaster fi ń wọ ilé àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1968, ó sì parí ní 1988. Ṣẹ́gun Olúṣọlá ló dá a sílẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́ iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní WNTV Ìbàdàn, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ṣí ní 1959. Nígbà tí NTA, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìjọba àpapọ̀, so àwọn ìlú pọ̀ mọ́ ara wọn, Àkúrẹ́ àti Oǹdó náà bá wọn jókòó ti eré náà. Àwọn tó jẹ́ ọmọdé nígbà yẹn ti ní ọmọ-ọmọ báyìí, síbẹ̀ ẹ dárúkọ Olóyè Ẹlẹ́yinmi inú eré náà fún wọn ní Ọjà Ọba Àkúrẹ́, kíá ni wọn yóò máa sín in jẹ, tọwọ́ tẹnu.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ní mímọ́ tí eré náà mọ́ ló jẹ́ ká fẹ́ràn rẹ̀: kò sí ìhòòhò, kò sí èébú burúkú, èèyàn lè wò ó pẹ̀lú àna rẹ̀ láìtijú. Òótọ́ ni, àmọ́ kò tó. Ọ̀pọ̀ eré tó mọ́ ni a ti gbàgbé. Lójú tèmi, bí Village Headmaster ṣe ń gbọ́ ẹjọ́ ló jẹ́ kó wà lọ́kàn wa di òní. Yorùbá ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Eré yìí kì í dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi kó tó jẹ́ kó rojọ́ tirẹ̀ tán.

Abúlé kan nílẹ̀ Yorùbá, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ọjà, ni ibùdó ìtàn. Kábíyèsí Ọlọ́jà wà láàfin pẹ̀lú àwọn ìjòyè rẹ̀, hẹ́dímásítà wà nílé ìwé, àwọn ará ìlú sì wà láàárín. Ìjọba á gbé ètò tuntun dé láti òkèèrè, tàbí kí ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín ìdílé méjì, gbogbo abúlé á sì gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò láti orí dé ìdí. Irú àhunpọ̀ ìtàn bẹ́ẹ̀ kò nílò ìbọn tàbí ìpànìyàn kó tó mú òǹwòran dání, nítorí pé olúkúlùkù fẹ́ mọ ibi tí ẹjọ́ yóò fì sí.

Àwa ará ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ìdí tiwa láti mọ hẹ́dímásítà náà bí ẹni mọ owó. Ilẹ̀ tíṣà ni ilẹ̀ wa. Ondo Boys' High School ti wà láti 1919, Canon M. C. Adéyẹmí sì ni ọ̀gá àkọ́kọ́ níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ Adéyẹmí College tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Oǹdó láti máa kọ́ àwọn olùkọ́. Ilé ìwé Aquinas bẹ̀rẹ̀ ní Àkúrẹ́ ní 1951, Oyèmẹ́kùn tẹ̀lé e ní 1953. Adékúnlé Ajásin tó kọ ìwé àbá ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ẹgbẹ́ Action Group tẹ́wọ́ gbà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1955, iṣẹ́ olùkọ́ ló ṣe ní Ọ̀wọ̀ kó tó di gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 1979. Nítorí náà, nígbà tí àwọn òbí wa rí ọkùnrin kan lórí tẹlifíṣọ̀n tó ń kọ lẹ́tà fún ẹni tí kò mọ̀wé, tó sì ń là láàárín tọkọtaya, wọn kò wò ó bí àlejò. Irú rẹ̀ wà ní àdúgbò wọn.

Òṣèré mẹ́ta ló ṣe hẹ́dímásítà náà tẹ̀lé ara wọn: Ted Mukoro, Fẹ́mi Robinson, àti Justus Esiri tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Abraka. Àárẹ̀ kò mú eré náà nígbà tí ojú yí padà, torí ipò náà ni òǹwòran mọ̀. Wọn kò sì sọ ọ́ di ẹni mímọ́ tí kì í ṣìnà. Ó mọ̀wé ju àwọn ará abúlé lọ, ṣùgbọ́n àwọn náà mọ ìlú jù ú lọ, ó sì di dandan kó tẹ́tí sí wọn. Ìfìwàwẹ̀dá tó pegedé nìyẹn. Ọ̀pọ̀ eré tí wọ́n kọ láti fi kọ́ni ní ìwà ló ti tibẹ̀ kú, nítorí pé ẹni rere ibẹ̀ kì í jayò pa.

Ẹ jẹ́ ká wo ìjókòó ààfin dáadáa. Déjúmọ̀ Lewis, tó ṣe Ọlọ́jà, kì í kánjú sọ̀rọ̀. Ó máa ń jẹ́ kí àwọn ìjòyè sọ tẹnu wọn tán. Fúnṣọ́ Adéolú ló ṣe Ẹlẹ́yinmi, tòun ti agbádá ńlá àti Gẹ̀ẹ́sì tó tóbi ju ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lọ. Ẹ̀rín á gba ilé. Bí ẹ bá wá fi ara balẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀rín, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ olóyè náà ní orí: ẹ̀rù ń bà á pé ayé tuntun yóò gba ipò lọ́wọ́ òun àti irú òun. Adéolú mú ẹ̀rín àti ẹ̀rù yẹn dání lẹ́ẹ̀kan náà, láìjẹ́ kí ọ̀kan pa èkejì. Àrà ni òṣèré náà dá. Ó padà di ọba gidi, Aláyè ti Òde Rẹ́mọ.

Ohun kejì tí mo yìn ni bí Ọjà ṣe gba àlejò. Jab Adu ṣe Bassey Okon, Joe Láyọ̀dé ṣe Tíṣà Garuba. Ọdún ogun abẹ́lé ni 1968 tí eré náà bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọmọ Nàìjíríà ń pa ara wọn. Kí eré kan kó ẹ̀yà oríṣiríṣi jọ sí abúlé kan, kó jẹ́ kí wọ́n jà kí wọ́n sì tún parí ìjà, ìgboyà ńlá ni.

Síbẹ̀, àbùkù wà. Èkíní, ẹnì kan péré ló sábà ń gbé ẹ̀yà rẹ̀ lé orí, a sì lè tibẹ̀ máa fi ìwà ẹnì kan mọ odindi ìran. Èkejì wúwo lójú ẹni tó bá mọ ìlú wa: ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin. Ibídùn Allison ṣe Àmébò débi pé orúkọ náà di ti gbogbo olófòófó ní Nàìjíríà, Elsie Olúṣọlá náà sì ṣe Sísí Clara tó gbayì. Àmọ́ ọkùnrin ló ń dá ẹjọ́ ìlú. Ní Oǹdó, Lóbùn wà, ọba obìnrin tó ní ọwọ́ nínú ìfinijoyè Ọ̀ṣemàwé, ọba Oǹdó. Ní Àkúrẹ́, bí Déjì, ọba ìlú náà, bá wàjà, ọmọbìnrin ọba ni yóò wọ ẹ̀wù ọkùnrin jókòó bí adelé títí ọba tuntun yóò fi dé. Abúlé Ọjà kò ní irú obìnrin bẹ́ẹ̀ láàfin, eré náà sì pàdánù ìtàn tó pọ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni èdè. Gẹ̀ẹ́sì àti Gẹ̀ẹ́sì adàlù ló gbé eré náà kiri orílẹ̀-èdè, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ilé, ọmọ ló ń túmọ̀ fún ìyá, ohun tí ọmọ kò bá sì gbọ́, ìyá rẹ̀ pàdánù rẹ̀ nìyẹn. Jímọ̀h Àlíù, ọmọ Òkèmẹ̀sí, tó ti fi Ìkàrẹ́ ṣe ibùjókòó ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ ní 1966, dí àlàfo yẹn nígbà tó gbé eré tẹlifíṣọ̀n Àrélù jáde ní Yorùbá tó jinlẹ̀. Kò sí ohun tí Village Headmaster ní tó lè bá ọfọ̀ inú Àrélù dọ́gba. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé nínú Àrélù, ẹni tí oògùn rẹ̀ bá le jù ló sábà ń borí, àwọn ọmọdé sì ń sá wọ abẹ́ àga. Ní Ọjà, ẹni tó bá lè ṣàlàyé ara rẹ̀ lójú ìlú ló ń borí, àgbà àti ọmọdé sì lè jọ wò ó kí wọ́n jọ jiyàn lé e lórí lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́.

NTA tún dá eré náà padà ní 2021 pẹ̀lú òṣèré tuntun. Ó dára kí orúkọ àgbà má parun. Àmọ́ ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ padà ni sùúrù inú eré àtijọ́, ìyẹn àyè tí ẹ̀dá ìtàn kọ̀ọ̀kan ní láti rojọ́.

Ìdájọ́ mi ni pé eré ńlá ni Village Headmaster, àbùkù rẹ̀ kò sì tó láti sọ ọ́ di kékeré. Mo rọ NTA kí wọ́n kó gbogbo èyí tó bá ṣẹ́kù nínú eré náà síta kí àwọn ọ̀dọ́ lè rí i wò. Mo sì bẹ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ eré ṣíṣe ní Oǹdó, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní OSRC, ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní Oríta-Ọ̀bẹlẹ̀: ẹ kọ irú rẹ̀ fún wa ní Yorùbá, ẹ fi Lóbùn sí i, ẹ sì jẹ́ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan rojọ́ tirẹ̀ tán.