Àmì Ohùn, Oyè Ọba àti Àká Dátà Orí Cloud: Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà Àkókó Gẹ́gẹ́ bí Àpẹẹrẹ

Ìfáárà
Àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá ti ń kó oríkì, orin àti ìtàn ìlú tí wọ́n gbà sílẹ̀ láti orí kásẹ́ẹ̀tì lọ sínú kọ̀ǹpútà. Ìpele tó kàn ni kíkó wọn sínú àká dátà alátẹ, irú èyí tí E. F. Codd gbé tíọ́rì rẹ̀ kalẹ̀ ní ọdún 1970, kí a sì gbé e sórí ẹ̀rọ àyálò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí a mọ̀ sí cloud. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi lélẹ̀ fún iṣẹ́ yìí ni a fẹ́ ṣe lámèyítọ́ rẹ̀ níhìn-ín. Èrò wa ni pé ìlànà náà dáàbò bo dátà, ṣùgbọ́n kò dáàbò bo ìtumọ̀.

Ibi tí Ìlànà náà Dára sí
Ó kọ́ wa pé kí a má ṣe ṣílẹ̀kùn àká sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Kí àṣẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan má ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kí a máa ṣe ẹ̀dà ìpamọ́, kí a sì dán an wò bóyá ó ṣeé dá padà. Ó kìlọ̀ pé àká kejì tí ń ṣe àwòkọ àkọ́kọ́ kì í ṣe ẹ̀dà ìpamọ́, nítorí ohun tí a bá ṣèèṣì pa rẹ́ nínú ọ̀kan yóò pa rẹ́ nínú èkejì. A fara mọ́ èyí. Àfikún wa ni pé kí ẹ̀dà kan wà nílé. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun já nítòsí etíkun Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì dẹnu kọlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi, títí kan Nàìjíríà.

Àmì Ohùn
Níhìn-ín ni àléébù wà. Láti ẹ̀dà 8.0 ti ọdún 2018, ètò ìfiwéra tí MySQL ń lò bí a kò bá yan òmíràn ni utf8mb4_0900_ai_ci, tí kì í ka àmì ohùn sí. Lójú rẹ̀, ọkà tí à ń jẹ, ọká tí í ṣe ejò, àti Ọ̀kà tí í ṣe ìlú, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Bí a bá pàṣẹ pé ọ̀rọ̀ kan kò gbọdọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀mejì, tí ọkà sì ti wọlé, yóò lé ọká padà sẹ́yìn. Ètò utf8mb4_0900_as_cs ló yẹ kí a yàn. PostgreSQL ń dá wọn mọ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a lè gbà tẹ ọ̀ ju ẹyọ kan lọ. A gbọ́dọ̀ sọ wọ́n di ọ̀kan kí wọ́n tó wọlé.

Oyè Ọba
Àléébù kejì wà nínú bí a ṣe ń la àtẹ. Bí àtẹ ìlú bá ní àyè kan ṣoṣo fún ọba, ta ni a ó kọ fún Ìkàrẹ́, níbi tí Olúkàrẹ́ àti Ọwá Ale wà, tí ọ̀rọ̀ ipò sì ti fa awuyewuye láàárín oyè méjèèjì? Ẹni tó la àtẹ náà ti dá ẹjọ́ tí a kò gbé wá síwájú rẹ̀. Tíọ́rì Codd fúnra rẹ̀ ní ojútùú: kí ìlú ní àtẹ tirẹ̀, kí oyè ní tirẹ̀, kí nọ́ńbà ìdánimọ̀ so wọ́n pọ̀. Nípa báyìí, oyè púpọ̀ lè jẹ́ ti ìlú kan, láìsí pé àká gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni.

Àgbálọgbábọ̀
Aṣiṣẹ́ ẹ̀rọ nìkan kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Onímọ̀ èdè gbọ́dọ̀ jókòó tì í láti ìbẹ̀rẹ̀. Àkọsílẹ̀ tó sọnù, a lè rí i dá padà láti inú ẹ̀dà. Àmì ohùn tí a kò kọ sílẹ̀ nígbà tí ẹni tó pe ọ̀rọ̀ náà wà láyé, kò sí ẹ̀rọ tí yóò dá a padà. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kí á wo èdè kí á tó la àtẹ.