Fáìlì Tó Ń Jẹ́ -rf

Ẹnì kan ṣèèṣì dá fáìlì kan tó ń jẹ́ -rf sílẹ̀ lórí Linux. Bó bá tẹ rm -rf láti pa á rẹ́, rm kò ní sọ nǹkan kan, fáìlì náà kò sì ní kúrò. Bó bá wá fìbínú tẹ rm *, wàhálà dé. Shell ni yóò kọ́kọ́ fi orúkọ gbogbo ohun tí kò fara pamọ́ níbẹ̀ rọ́pò ìràwọ̀ yẹn. Rm yóò rí -rf láàárín wọn, yóò kà á sí àṣẹ pé kó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ láìbéèrè, tòun ti àwọn fódà. Nínú wọn, -rf nìkan ni yóò ṣẹ́kù. Wọ́n ní orúkọ ń ro ọmọ. Ti èyí ń ro gbogbo ará ilé.

Ẹni tó mọṣẹ́ á tẹ rm ./-rf. Àmì méjì péré ló fi kún un. Fáìlì kan náà ló ń tọ́ka sí, àmọ́ dáàṣì kò sí níwájú mọ́, rm kò sì lè ṣì í gbọ́. rm -- -rf náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ ló wù mí jù, nítorí kì í ṣe gbogbo ètò ló mọ --.

Unix tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ ní Bell Labs lọ́dún 1969 kì í ṣa orúkọ. Lónìí, yàtọ̀ sí sláàṣì àti báìtì òdo, kò sóhun tí Linux kì í gbà, títí kan àlàfo àti ìlà tuntun.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa tó ń kọ Yorùbá gan-an. A lè kọ Ọ kí á gbé àmì ohùn lé e, a sì lè kọ Ò kí á fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Lójú wa, Ọ̀ kan náà ni. Lójú Linux, méjì ni. Ọ̀yọ́.txt méjì lè wà nínú fódà kan.

Ògbóǹtarìgì kò ní tíì fọwọ́ kan èyíkéyìí. LC_ALL=C ls -bi ni yóò kọ́kọ́ tẹ̀, kí báìtì lè hàn síta: ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú \341\273\214\314\200, èkejì pẹ̀lú \303\222\314\243, nọ́ńbà inode kálukú, tí Linux fi ń dá fáìlì mọ̀, sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ló tún fẹ́ fi orúkọ ṣe? Bí nọ́ńbà èyí tó fẹ́ pa rẹ́ bá jẹ́ 52817, ohun tí yóò tẹ̀ nìyí:

LC_ALL=C find . -maxdepth 1 -inum 52817 -exec rm -i {} \;

Find fúnra rẹ̀ ló ń gbé orúkọ náà fún rm, kò gba ọwọ́ shell kọjá, kò sì sẹ́ni tí yóò gé e sí wẹ́wẹ́ níbi àlàfo. ./ ti wà níwájú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. -i ló ń mú kí rm béèrè kó tó pa á rẹ́. LC_ALL=C tó tún wà níbẹ̀ kì í ṣe àṣejù: báìtì ni rm yóò fi béèrè, nítorí kí ló kù téèyàn lè dáhùn bí ìbéèrè bá kàn jẹ́ pé ṣé kí òun pa Ọ̀yọ́.txt rẹ́?