Ìpàkọ́ Onípàkọ́: Iṣẹ́ Oníṣẹ́ àti Iṣẹ́ Ọkàn nínú Àwòrán J. D. ’Okhai Ojeikere

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìpàkọ́ onípàkọ́ ni à ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí tẹni. Bí òwe yìí ti bá gbogbo ọmọ ènìyàn wí tó, ó bá ayafọ́tò kan mu ju gbogbo ènìyàn lọ. J. D. ’Okhai Ojeikere ni ayafọ́tò náà. Ọdún 1930 ni a bí i ní Ovbiomu-Emai, ní agbègbè tí ó wà nínú Ìpínlẹ̀ Ẹdó lónìí. Ọdún 2014 ni ó sì jáde láyé. Kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Síbẹ̀ Ìbàdàn àti Èkó ni ó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ìpàkọ́ àwọn obìnrin tí wọ́n di irun alárà ni ó sì sọ orúkọ rẹ̀ di mímọ̀ káàkiri àgbáyé.

Ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ Ojeikere pín sí. Èkíní ni iṣẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn rán an, tí wọ́n sì sanwó rẹ̀ fún un. Èkejì ni iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rán an, tí ó jẹ́ pé ọkàn ara rẹ̀ ni ó rán an. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ nípa irú ọ̀ràn báyìí ni pé iṣẹ́ oníṣẹ́ wà fún oúnjẹ, iṣẹ́ ọkàn wà fún iyì, àti pé ọ̀tá ni àwọn méjèèjì jẹ́ sí ara wọn. Bí a bá fi ara balẹ̀ wo àwòrán Ojeikere, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ oníṣẹ́ ni ó kọ́ iṣẹ́ ọkàn rẹ̀ ní ìwà. Ìwà rere inú rẹ̀ ti ibẹ̀ wá, àléébù inú rẹ̀ náà kò sì ti ibòmíràn wá.

Iṣẹ́ Oníṣẹ́

Ọdún 1950 ni Ojeikere ra kámẹ́rà kékeré kan, ojúlùmọ̀ rẹ̀ kan ni ó sì kọ́ ọ ní bí a ti ń lò ó. Kò pẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí Ilé-Iṣẹ́ Ìròyìn ti ìjọba ní Ìbàdàn pé kí wọ́n gba òun sí iṣẹ́. Ó kọ ọ́ léraléra, kò sì sú u. Ní ọdún 1954 ni wọ́n gbà á. Kì í ṣe ìdí kámẹ́rà ni wọ́n fi í sí. Inú iyàrá òkùnkùn tí a ti ń fọ fọ́tò ni ó ti ń ṣe olùrànlọ́wọ́. Iṣẹ́ sùúrù ni iṣẹ́ yìí. Àwòrán tí ẹlòmíràn yà ni ènìyàn yóò máa kì bọ omi oògùn, tí yóò máa wò ó bí ó ti ń yọjú díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá yọ ọ́ ní kùtù, yóò ṣú bàìbàì. Bí ó bá fi í pẹ́ jù, yóò dú kọjá ààlà. Ẹni tí ó bá pẹ́ nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín dúdú kan àti dúdú mìíràn. Ẹ̀kọ́ yìí ṣe pàtàkì fún ẹni tí yóò wá fi ọ̀pọ̀ ọdún ya irun dúdú tí a fi òwú dúdú kó.

Ní ọdún 1961, ó di ayafọ́tò ní ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní Ìbàdàn, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1959. Ní ọdún 1963 ó kó lọ sí Èkó, ó sì wọ ilé-iṣẹ́ ìpolówó ọjà tí a ń pè ní West Africa Publicity. Ibẹ̀ ni ó wà títí di 1975, kí ó tó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, tí ó pè é ní Foto Ojeikere.

Ó yẹ kí a mọ ohun tí ìpolówó ọjà ń béèrè lọ́wọ́ ayafọ́tò. Ọjà tí a fẹ́ tà ni ọba inú àwòrán. A kì í fi ohun mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí yóò gba ojú ẹni tí ń wò ó. Ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́ fínnífínní. Ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ tàn sí i lọ́nà tí etí àti ìbú rẹ̀ yóò fi hàn kedere, tí ẹni tí ó wà lókèèrè yóò fi lè dá a mọ̀. Ọdún méjìlá gbáko ni Ojeikere fi ṣe irú iṣẹ́ yìí. Òǹtajà tí ó ni ọjà ni ó ni àwòrán pẹ̀lú. Bí ìgbà ọjà bá sì ti kọjá, ìgbà àwòrán náà kọjá nìyẹn.

Iṣẹ́ Ọkàn

Ní ọdún 1967 Ojeikere di ọmọ ẹgbẹ́ ìgbìmọ̀ tí ń rí sí iṣẹ́ ọnà ní Nàìjíríà. Ìrìn àjò ẹgbẹ́ náà gbé e dé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibi. Ní ọdún 1968, nígbà tí ó ṣì ń jẹun nídìí ìpolówó ọjà, tí ogun abẹ́lé sì ń jà lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin. Ó yà á ní òpópónà, ó yà á ní ibi iṣẹ́, ó yà á ní òde ìyàwó àti ní ibi àríyá. Dúdú àti funfun ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ó fi máa dàgbà, àwòrán irun tí ó yà ti sún mọ́ ẹgbẹ̀rún.

Bí ènìyàn bá gbé àwọn àwòrán wọ̀nyí yẹ̀ wò lẹ́yìn tí ó ti mọ ìtàn iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan yóò yé e. Ẹ̀yìn àwòrán mọ́ fínnífínní. Kò sí igi, kò sí ògiri tí a kùn, kò sí èrò ọjà. Ìmọ́lẹ̀ tàn sí ibi tí ó yẹ. Ohun kan ṣoṣo ni ojú rí, òun náà ni irun. Ìlànà ìpolówó ọjà ni èyí láìkù síbì kan. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé kò sí ọjà tí a ń tà. Àwòrán ìpolówó a máa sọ pé, “Wá rà mí.” Àwòrán irun kò sọ ju, “Wò mí” lọ.

Ìyàtọ̀ kejì jinlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tí ó bá wọ ilé ayafọ́tò tí ó sì san owó rẹ̀, ojú ara rẹ̀ ni ó fẹ́ rí. Ta ni yóò sanwó kí a má ya ojú òun? Nítorí náà, ìpàkọ́ kò sí nínú iṣẹ́ oníṣẹ́. Ojeikere, ẹni tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ní ọ̀wẹ̀, ni ó lè ní kí obìnrin yíjú sẹ́yìn, kí ó sì ya ibi tí ẹni tí ó ni orí kò lè rí láéláé. Nínú ọ̀pọ̀ àwòrán náà, ìpàkọ́ ni a rí; nígbà mìíràn, ẹ̀gbẹ́ orí ni. Òmìnira tí ó wà nínú iṣẹ́ ọkàn nìyí. Kì í ṣe òmìnira láti ṣe ohun tí ó bá wu ni láìní ìlànà. Òmìnira láti gbé ìlànà tí a ti kọ́ lọ sí ibi tí owó kò lè rán ni dé ni.

Ẹ jẹ́ kí á wo àpẹẹrẹ kan. Ní ọdún 1975 ni ó ya èyí tí ó pè ní Onílé-gogoro tàbí Àkàbà. Irun kíkó ni, tí a fi òwú wé tí a sì gbé nàró sókè. Ní àkókò yẹn, ilé gíga ti ń dìde ní àwọn ìlú ńlá ilẹ̀ yìí. Ilé Kòkó tí ó ní àjà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ti wà ní Ìbàdàn láti 1965. Àwọn obìnrin kò dúró de ẹni tí yóò kọ ìtàn ìgbà náà sínú ìwé. Wọ́n gbé ilé gogoro ka orí. Bákan náà ni Star Koroba tí ó yà ní 1971: kòròbà tí a ń fi pọnmi pẹ̀lú ìràwọ̀ ni wọ́n so pọ̀ di orúkọ kan. Irun kan náà ti di ìtàn, ó ti di àwàdà, ó sì ti di ẹwà. Irun kì í sì pẹ́ lórí. Bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan bá ti kọjá, a ó tú u, a ó sì di òmíràn. Ojeikere fúnra rẹ̀ sọ pé ohun tí kì í pẹ́ parẹ́ ni òun fẹ́ fi ipa rẹ̀ sílẹ̀. Ó ṣe é, ó sì yọrí.

Àléébù

Ṣùgbọ́n bí a bá yin arúgbó tán, ó yẹ kí a sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Àṣà ìpolówó ọjà tí ó fún àwòrán wọ̀nyí ní ẹwà ni ó tún gba nǹkan lọ́wọ́ wọn. Nínú àwòrán ìpolówó, a kì í béèrè orúkọ ẹni tí ó mọ ìgò tàbí ẹni tí ó hun aṣọ. Ọjà nìkan ni ó ní orúkọ. Ohun kan náà ni ó ṣẹlẹ̀ níhìn-ín. Orúkọ irun àti ọdún ni a sábà máa ń rí lábẹ́ àwòrán. Orúkọ obìnrin tí ó gbé irun lórí kò sí níbẹ̀, ti onídìrí tí ó jókòó tì í fún wákàtí púpọ̀ kò sì sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ onídìrí ni ó yẹ kí ó dun ni jù. Iṣẹ́ ọkàn ni irun yìí jẹ́ fún Ojeikere, ṣùgbọ́n iṣẹ́ oníṣẹ́ ni ó jẹ́ fún onídìrí. Wọ́n sanwó fún un. Ẹni tí ó ni orí ni ó sọ irú èyí tí ó fẹ́. Síbẹ̀, ta ni yóò wo Onílé-gogoro tí yóò sọ pé kò sí ọkàn nínú rẹ̀? Ó ti pẹ́ tí Yorùbá ti mọ̀ pé iṣẹ́ tí a bẹ̀ ni lè gba gbogbo ọgbọ́n inú ẹni. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, àgbà agbẹ́gilére tí ó kú ní 1938, àwọn ọba ni ó ń gbẹ́ ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ fún. Ilẹ̀kùn tí ó gbẹ́ fún ààfin Ìkẹ́rẹ́ ni a gbé lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí àwọn òǹkọ̀wé òyìnbó tó so orúkọ rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ náà. Ọlọ́wẹ̀ rí ẹni tí ó béèrè orúkọ rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Àwọn onídìrí inú àwòrán Ojeikere kò rí irú oore bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè sọ pé ayafọ́tò náà kò bá wọn pàdé. Ojúlé wọn kò jìnnà sí kámẹ́rà rẹ̀.

Àléébù kejì jẹ mọ́ èdè. Láìsí àmì ohùn ni a ń tẹ àwọn orúkọ irun wọ̀nyí káàkiri ayé. Irun òjò-ń-pẹtí, tí a ń dì dà sí apá kan títí tí yóò fi kan etí, bí a bá kọ ọ́ láìfi àmì sí i, ta ni yóò mọ̀ bóyá òjò ni, tàbí Òjó ọmọ ẹni, tàbí ojo tí ń sá fún ogun? Àwòrán kò sì lè sọ fún àlejò pé ṣùkú gba orúkọ rẹ̀ láti ara agbọ̀n olómorí, pé ìpàkọ́-ẹlẹ́dẹ̀ ti ẹ̀yìn orí bẹ̀rẹ̀ wá sí iwájú, tàbí pé kòlẹ́sẹ̀ kò ní ìdí tí ó yọ jáde ní ọrùn. Orúkọ irun kọ̀ọ̀kan jẹ́ ewì kúkúrú. Bí àmì rẹ̀ bá bọ́, ewì náà ti kú, òkú rẹ̀ nìkan ni ó wà lábẹ́ àwòrán.

Àgbálọgbábọ̀

Ní ọdún 2000 ni a pàtẹ àwọn àwòrán irun wọ̀nyí ní gbọ̀ngàn Fondation Cartier ní Párísì. Ní 2007 wọ́n dé ìpàtẹ Documenta ní Kassel, ní ilẹ̀ Jámánì. Ní 2013 wọ́n dé ti Venice ní Ítálì. Àwọn àwòrán tí òǹtajà sanwó wọn kò dé ibi tí àwọn tí ẹnikẹ́ni kò sanwó wọn dé. Síbẹ̀ kò tọ́ kí a torí èyí fi ojú tẹ́ńbẹ́lú iṣẹ́ oníṣẹ́. Bí kò bá sí iyàrá òkùnkùn Ìbàdàn, ojú tí ó mọ dúdú yàtọ̀ sí dúdú kì bá tí sí. Bí kò bá sí ọdún méjìlá ìpolówó ọjà, ọwọ́ tí ó mọ bí a ti ń gbá ẹ̀yìn àwòrán mọ́ kì bá tí sí. Wọ́n ní ohun tí ó bá wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Irun ni ó wu Ojeikere, irun ni ó sì pọ̀ nínú ogún tí ó fi sílẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹ́kù kì í ṣe iṣẹ́ kámẹ́rà mọ́. Ayafọ́tò ti rí ìpàkọ́, ó ti yà á, ó sì ti lọ. Orúkọ àti àmì ohùn ni ó kù, iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ èdè sì ni ìwọ̀nyí. Àwọn onídìrí tí wọ́n kó irun ní àkókò náà ti di ìyá àgbà báyìí. Díẹ̀ nínú wọn ṣì wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé olúkúlùkù. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá gbé ọ̀kan nínú àwòrán wọ̀nyí tọ irú ìyá bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó kúnlẹ̀ kí i, tí ó sì béèrè pé, “Ìyá, kí ni ẹ ń pe eléyìí, ta ni ó sì máa ń dì í dáadáa ní àdúgbò yín?” ó lè jẹ́ orúkọ ara rẹ̀ gan-an ni ìyá náà yóò fi dá a lóhùn.