Máìkì Àfọwọ́ṣe, àti Ọ̀rọ̀ S òun Ṣ

Ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ gbé máìkì kan wá sílé mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe é, lórí tábìlì tí wọ́n fi ń jẹun nílé rẹ̀. Ó ní, "Prof, ẹ bá mi gbọ́ ọ wò, kẹ́ ẹ sì kọ ohun tẹ́ ẹ bá rí. Ẹ má pọ́n mi lé o." Ó ń múra láti gbé e lọ sí Èkìtì, kó fi gba oríkì ìdílé wọn sílẹ̀ lẹ́nu ìyá ìyá rẹ̀, tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Mo ní kò burú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba iṣẹ́ yín padà lọ́wọ́ mi rí mọ̀ pé n kì í pọ́nni lé.

Máìkì kọ̀ǹdẹ́ńsà aláwọ ńlá ni. Ẹ fi ojú ìlù wò ó. Awọ kan wà nínú rẹ̀ tó fẹ́lẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá irun orí, wọ́n sì fi wúrà bò ó fẹ́ẹ́rẹ́. Awo idẹ kan wà lẹ́yìn awọ náà, wọn ò fara kanra, iná sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Bí ohùn bá mi awọ, àlàfo yẹn á máa fẹ̀, á máa sún. Ìyẹn ni sákíìtì ń sọ di ohun tí wáyà lè gbé. Awọ àti awo yìí ni màá máa pè ní ojú máìkì.

Àwọn kan á ní kò ṣe máìkì kankan, ó kàn tò ó ni, torí pé Ṣáínà ni ojú rẹ̀ ti wá, ara máìkì olówó pọ́ọ́kú kan ló sì fi ṣe ilé fún un. Ọ̀rọ̀ ni, àbí? Télọ̀ wo ló ń hun aṣọ tó ń rán? Òun ló fi lẹ́ẹ̀dì jó gbogbo sákíìtì náà pọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́. Mo wo ìdí resistor 1 gigaohm inú rẹ̀ dáadáa. Ibẹ̀ ò fẹ́ ọ̀rá ìka, kò fẹ́ ìdọ̀tí lẹ́ẹ̀dì; bí ọ̀rinrin bá bá ìdọ̀tí níbẹ̀, iná á máa jò, máìkì á sì máa ta bíi gúgúrú nínú ìkòkò. Ó ti fi spirit nù ún. Òjò rọ̀ ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ yẹn, a gbọ́ ọ fún wákàtí méjì, kò ta lẹ́ẹ̀kan.

Ìgbà tó yá ni mo ní kó ka gbólóhùn méjì sínú rẹ̀: "Ó sẹ́ ẹ," "Ó ṣẹ́ ẹ." Èkínní, ẹnìkan ló ní òun ò ṣe é. Èkejì, igi ló kán. Mo kọ̀yìn sí i, ó ń gbé e sáfẹ́fẹ́ fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. S gún mi létí bí abẹ́rẹ́. Ṣ náà mú jù, ó ń fẹ́ dà bíi s. Nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, mo ṣì í gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, èmi tí mo fi fònẹ́tíìkì jẹun!

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ ni máìkì tí kò dáa máa ń bà jẹ́ nínú Yorùbá. Rárá o. Tẹlifóònù àtijọ́ kì í gbé ohun tó bá kọjá nǹkan bíi 3,400 Hz, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọkọ́ bí ọkọ̀ lórí rẹ̀. S òun ṣ ló máa ń dàrú mọ́ni lọ́wọ́, torí ariwo s wà lókè gan-an, ti ṣ sì bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀bi ọmọ náà kọ́. Ní 1960, ilé iṣẹ́ Neumann ní Berlin gbé máìkì U 67 jáde. Ojú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní K 67, máa ń gbé òkè ohùn ga ju bó ṣe yẹ lọ, sákíìtì rẹ̀ á sì fà á wálẹ̀ padà. Wọ́n mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Tọkọtaya ni àwọn méjèèjì. Àwọn tó ń ṣe àdàkọ lónìí mú ìyàwó, wọ́n fi ọkọ sílẹ̀. Wọ́n so ojú náà mọ́ sákíìtì tí kì í fa nǹkan kan wálẹ̀. Bí ẹ bá wá fi kàpásítọ̀ olówó gọbọi sínú irú sákíìtì bẹ́ẹ̀, àṣejù yẹn náà lẹ óò máa gbọ́, á kàn mọ́ sí i ni. Ohun tí mo bá àwọn tó ń kọ́ni níṣẹ́ yìí jà sí nìyẹn. Wọ́n lè fi odindi òru jiyàn lórí kàpásítọ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn ló ń sọ pé ojú àti sákíìtì gbọ́dọ̀ bára mu.

Kí ló kàn mí? Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ má bínú: a mọ̀ pé s lẹ ń pe ṣ. Ìyá Èkìtì yìí ń pe ṣ rẹ̀ kedere. Bí ẹnìkan bá gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú máìkì yìí ní àádọ́ta ọdún sí i, á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ṣ ti ń kú lẹ́nu wọn, á sì fi gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ta ni yóò jí ìyá dìde láti já a nírọ́?

Èmi náà jẹ̀bi rí. Nígbà tí mo ṣì ń fi téèpù olókùn gba ìjálá sílẹ̀, mo gbé máìkì jìnnà sí bàbá ọdẹ kan, òkè ohùn rẹ̀ sì rá. Títí dòní, n kò mọ̀ bóyá "ó sá ẹkùn" ni bàbá wí tàbí "ó ṣá ẹkùn". Bàbá ti lọ kí n tó padà dé abúlé náà.

Mo sọ fún ọmọ náà pé kó wá ojú irú K 47, tí kì í gbé òkè ga tó bẹ́ẹ̀, tàbí kó tún sákíìtì rẹ̀ ṣe kó lè fa òkè wálẹ̀. Ó ní, "Ṣé kí n dúró dìgbà tó bá dé, sà?" Mo bi í léèrè ọjọ́ orí ìyá lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ní kó má dúró. Kó gbé máìkì sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ìyá, kó má dojú kọ ọ́ tààrà, òkè á dínkù díẹ̀. Kí ẹnìkan jókòó síwájú ìyá pẹ̀lú ìwé àti báírò, kó máa wo ètè rẹ̀, kó sì máa sàmì sí gbogbo ṣ tó bá pè.

Ó lọ láàárọ̀ Fúráìdé. Kò tíì dé.