Orúkọ mẹ́ta fún ọ̀rọ̀ tí a kì í sọ síta

Orúkọ mẹ́ta ni a ń bá pàdé nínú Yorùbá fún ohun tí Faransé ń pè ní mot de passe: ọ̀rọ̀ aṣínà, ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé, ọ̀rọ̀ ìpamọ́.

Láti inú «ṣí ọ̀nà» ni aṣínà ti wá. Ṣùgbọ́n bí a kò bá fi àmì ohùn sí i, bí ó ti sábà máa ń rí lójú ẹ̀rọ, akẹ́kọ̀ọ́ lè kà á sí aṣìnà, ẹni tí ó ṣì ọ̀nà. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò yẹ lẹ́nu ọ̀nà.

Ìgbaniwọlé kò ní àbùkù yìí. Àwòrán tí ó gbé wá ni a kò fara mọ́. Ó dà bí ẹni pé àlejò sọ ọ̀rọ̀ náà sétí aṣọ́nà, tí a sì ṣílẹ̀kùn fún un. Lórí Wi-Fi tí a fi WPA2 dáàbò bò, ìlànà tí ó jáde ní 2004, kọ̀ǹpútà kì í fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ rárá. Iṣẹ́ mẹ́rin ni òun àti ẹ̀rọ tí ń tan ìgbì ń rán sí ara wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan fún èkejì ní nọ́ńbà àìròtẹ́lẹ̀ kan. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ mọ̀ ṣe ìṣirò lé nọ́ńbà wọ̀nyí lórí, àbájáde rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń jẹ́rìí. Àlejò pẹ̀lú ń dán onílé wò, kókó kan tí ìgbaniwọlé gbàgbé pátápátá. Ìpamọ́ ni a yàn, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà pamọ́ ní tòótọ́.

Ṣùgbọ́n orúkọ rere kò tán ìṣòro. Àmì 8 sí 63 ni WPA2 gbà fún ọ̀rọ̀ ìpamọ́, láti inú àwọn àmì ASCII nìkan. Ní Bantè àti Savalou, ɛ àti ɔ inú álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè, tí a fi òfin gbé kalẹ̀ ní 1975, ni a fi ń kọ Ìṣà àti Ifẹ̀. Kò sí wọn nínú ASCII. Ẹ àti ọ tí a lò níhìn-ín kò sí níbẹ̀ náà. Ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí a ti kọ́ ọ yóò rí i pé ẹ̀rọ kọ̀ ọ́, yóò sì rò pé òun ṣàṣìkọ. Olùkọ́ ni kí ó ti sọ fún un ṣáájú pé ìlànà ẹ̀rọ ni ó há, kì í ṣe èdè rẹ̀ ni ó kù díẹ̀ káàtó.

Orúkọ Wi-Fi fúnra rẹ̀ kò ní ìhámọ́ yìí. Báìtì 32 ni ààyè rẹ̀. Ní UTF-8, ɛ ń gba 2, ẹ ń gba 3. Ilé ẹ̀kọ́ kan lè kọ Bantɛ síta fún gbogbo ayé, kí ó sì máa kọ e lásán sínú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.