Ẹwà àti Ohun tí Kò Hàn nínú Àwòrán Central Park

Ní 1862, ilé iṣẹ́ Currier & Ives ní New York tẹ àwòrán adágún inú ọgbà ìgbafẹ́ Central Park nígbà òtútù jáde. Iṣẹ́ Charles Parsons ni wọ́n gbé e kà. Èrò pọ̀ lórí omi tí ó ti dì, tọkùnrin tobìnrin ń yọ̀ gẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀. Lójú ẹni tí ó kọ́kọ́ wò ó, ìgbádùn ìgboro nìkan ni iṣẹ́ yìí ń sọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Lítógíráfì, èyí tí Alois Senefelder ṣàwárí ní Jámánì ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, ni ọgbọ́n tí wọ́n fi ṣe é. Ohun ọlọ́ràá ni wọ́n fi ń yàwòrán sójú òkúta, wọn a sì fi omi rin òkúta náà. Nítorí pé ọ̀rá àti omi kì í dàpọ̀, ibi tí wọ́n yà nìkan ni yóò gba tàdáwà. Dúdú ni Currier & Ives ń tẹ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwòrán wọn; àwọn obìnrin ni ó ń fi ọwọ́ kùn wọ́n, olúkúlùkù pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Orúkọ ilé iṣẹ́ wà lára àwòrán, ti àwọn obìnrin wọ̀nyí kò sí níbẹ̀.

Àwọn mìíràn tí kò hàn tún wà. Láti 1825 ni àwọn adúláwọ̀ ti ń ra ilẹ̀ ní Seneca Village, tí ó wà nínú ààlà ọgbà náà lónìí. Ní 1855, nǹkan bí 225 ènìyàn ni ó ń gbé ibẹ̀, wọ́n sì ní ilé ìjọsìn mẹ́ta àti ilé ẹ̀kọ́. Ìbò wà nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí: lábẹ́ òfin New York nígbà náà, ọkùnrin adúláwọ̀ tí ohun ìní rẹ̀ kò tó 250 dọ́là kò lè dìbò. Ní 1857, ìjọba kó gbogbo wọn kúrò nítorí ọgbà.

Àwòrán náà kò purọ́. Ibi tí adágún wà kọ́ ni Seneca Village wà, wọ́n sì ti wó o kí àwòrán tó jáde. Àléébù rẹ̀ ni pé ó lè mú kí òǹwòran gbà pé ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbé rí ni wọ́n sọ di ọgbà. Nítorí náà, ó yẹ kí olùkọ́ tí ó bá ń fi irú àwòrán yìí kọ́ni gbé 1857 sẹ́gbẹ̀ẹ́ 1862. Akẹ́kọ̀ọ́ kò ní torí èyí kọ ẹwà iṣẹ́ náà. Yóò kàn mọ àwọn tí ó wà lórí ilẹ̀ náà kí ẹwà tó dé.