Iṣan Wo Ni Ká Kọ́kọ́ Dè?

Àwọn Àwórì tó ń dẹ òkété lóko Ọ̀tà, kí ilé-iṣẹ́ tó gba oko náà, mọ̀ pé òkété kì í gbẹ́ ihò kan ṣoṣo. Ọ̀nà àsálà ni ọdẹ kọ́kọ́ ń dí kó tó fọwọ́ kan ẹnu ihò. Ohun tí àwọn oníṣẹ́ abẹ kan ní ilé ìwòsàn West China, ní ìlú Chengdu, ṣe sí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró nìyẹn, iṣẹ́ náà sì wú mi lórí gidigidi.

Ẹ wo bí ọwọ́ wọn ṣe ń rìn. Ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún pín sí mẹ́ta, ti òsì sí méjì. Ìpín tí jẹjẹrẹ wà ni wọ́n fẹ́ gé. Iṣan kan ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọ ibẹ̀ láti inú ọkàn. Òmíràn ń gbé e padà sọ́kàn, láti ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń lọ sí ọpọlọ, egungun àti gbogbo ara. Ẹ̀dọ̀fóró ò sì ṣe é gé láìgbé e, láìyí i, láìtẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ lè já sínú ẹ̀jẹ̀, kó lọ fìdí kalẹ̀ síbòmíràn. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ a máa kọ́kọ́ de iṣan tó ń wọlé, kí ẹ̀jẹ̀ má baà kún inú ẹ̀dọ̀fóró. Òótọ́ ni. Àmọ́ iṣan yìí fẹ́lẹ́, bó bá fàya, ewu ńlá ni, kò ṣe é kánjú sí. Ní gbogbo àsìkò tí wọ́n fi ń rọra tú u sílẹ̀, ọ̀nà àbájáde ṣí gbayawu.

Ìwádìí àwọn ará Chengdu yìí jáde ní 2019 nínú JAMA Surgery, ìwé ìwádìí iṣẹ́ abẹ. Nínú àwọn aláìsàn 40 tí wọ́n kọ́kọ́ de iṣan àbáwọlé wọn, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn 26. Nínú àwọn 38 tí wọ́n kọ́kọ́ de ti àbájáde, 12 péré. Wọ́n tún yẹ ìwé àwọn aláìsàn àtijọ́ wò: lẹ́yìn ọdún 5, nǹkan bíi 74 nínú 100 ló wà láàyè nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ de àbájáde, 58 nínú àwọn ìyókù. Iye ènìyàn náà kò pọ̀, n ò ní sọ pé ẹjọ́ ti parí. Ṣùgbọ́n irú àtúnṣe yìí kò béèrè ẹ̀rọ tuntun tàbí oògùn olówó iyebíye.

Ìgbà tí jẹjẹrẹ ṣì wà lójú kan ni irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ wúlò jù. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ wa, oògùn ikọ́ ife ni wọ́n ti fún ọ̀pọ̀ ènìyàn lò pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé jẹjẹrẹ ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń fa èéfín àti eruku ilé-iṣẹ́ símú ní Ṣàngó-Ọ̀tà, bí ikọ́ bá kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ lọ ya àwòrán àyà. Bí wọ́n bá sì fún yín ní oògùn ikọ́ ife tí kò ràn án, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà, kó túbọ̀ wádìí rẹ̀.